Omi Kò Dé Ìdí Gọ́tà

Èmi kì í ṣe onísùúrù. Àwọn ará Ìjàrẹ́ tí wọ́n gbé mi níyàwó láti Oǹdó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi tó ti sùn nínú Olúwa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ, Kìtán ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló tún wá mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n ní bí mo bá kí ènìyàn pé ẹ kú àárọ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé mo fẹ́ bá a jà. Mo ní ohùn àwa ará Oǹdó ni. Wọ́n ní rárá o, àwọn mọ ará Oǹdó mìíràn, ohùn tèmi ni.

Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún panu mọ́ lé lórí, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Ọ̀rọ̀ ebi ni.

Ọdọọdún, bí iṣu inú abà bá ti tán, tí tuntun kò sì tíì ta, tí òjò kò tíì rọ̀ débi tí ẹ̀fọ́ á hù, mo máa ń di ẹrù mi lọ sí Oǹdó, sí ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ọlọ́runfúnmi. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ilé tiwọn, wọ́n ní fìríìjì, ọjà kò sì jìnnà sí wọn. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá ní mo fẹ́ lọ ṣe Lẹ́ńtì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́ńtì wo? Ààwẹ̀ wo ni ènìyàn ń gbà tó fi ń sanra bọ̀? Oúnjẹ ni mo ń wá lọ. Èmi ìyá àgbà, tí mo ti rí ọmọ-ọmọ, màá jókòó sídìí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi á máa bu oúnjẹ sí àwo fún mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní wọ́n bú mi ni, màá bú wọn padà, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọbìnrin kan dé láti Àkúrẹ́, Bímbọ́lá ni wọ́n ń pè é, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ó wo odò tó wà lókè àkùrọ̀ wa, ó ní odò tí kì í gbẹ nìyí, ẹ jókòó tì í, ebi ń pa yín. Mo fẹ́ràn ẹ̀ láti ọjọ́ náà, torí ó ní ẹnu bíi tèmi. Ó ní òun lè bá wa wá sìmẹ́ǹtì àti páìpù tí a ó fi dí odò náà, ṣùgbọ́n àwa la máa gbẹ́ gọ́tà, àwa la máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, àwa náà la máa pín omi láàárín ara wa. Kò sí ẹni tí yóò ti Àkúrẹ́ wá máa bá wa ṣọ́ ọ.

Àáró la fi gbẹ́ ẹ. Lónìí a wà níwájú oko tìrẹ, lọ́la a wà níwájú tèmi, títí gọ́tà fi gba àárín àkùrọ̀ kọjá dé ìdí igbó ọparun. Lórí òkè, níbi tí omi ti ń wọlé, oko Bàbá Akíntóyè ló wà níbẹ̀, àgbà ni, àbúrò bàbá ọkọ mi ni. Ẹni tó tẹ̀lé e ni alága wa. Lawrence ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yin lè pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Akọ̀wé ni èmi ń pè é, torí ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ọkọ. Ìgbà yẹn, ìhòòhò ló wà, ikun ń yọ nímú rẹ̀, síbẹ̀ ọkọ mi ni. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni àwọn yòókù tò lé ara wọn. Èmi ni mo wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí gọ́tà parí sí.

Òfin tí Bímbọ́lá bá wa ṣe kò le. Bí oko rẹ bá ti mu omi yó, kí o ti pákó bọ ẹnu gọ́tà tìrẹ, kí omi lè kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀lé ọ. Gbogbo wa ní ó yé wa. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti pákó kiri pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀, omi sì ń dé ọ̀dọ̀ mi geerege. Mo gbin àgbàdo, mo gbin ata, mo gbin tẹ̀tẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ lórí ẹní mi, mo sọ fún Ọlọ́run pé lọ́dún yìí, ìkòkò tèmi ni màá ti jẹun. N kò ní Lẹ́ńtì kankan lọ ṣe ní Oǹdó.

Bímbọ́lá padà sí Àkúrẹ́. Omi kò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Láti àárọ̀ kùtùkùtù ni omi á ti máa wọ oko Bàbá Akíntóyè, á máa wọ̀ ọ́ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Nígbà yẹn, omi tí a dí sókè á ti fà, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù tó yọ́ dé oko Akọ̀wé kò ju èyí tí adìyẹ lè mu. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà láàárín, ilẹ̀ ti mu ún. Èmi tí mo wà ní ìdí, erùpẹ̀ ni mo ń rí. Àgbàdo mi tó ti ga dé orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé jọ bí ẹní. Mo ń fi garawa ru omi láti odò, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́, garawa tí mo bá dà sílẹ̀, kí n tó gbé orí sókè ilẹ̀ á ti gbẹ.

Inú oko náà ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Monílọ́lá, mo ti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì yàrá yẹn o. Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Mo ní màá pè wọ́n padà. Mo pa fóònù, mo jókòó sórí ebè, mo sì sunkún. Kí n má parọ́ fún yín, ẹkún gidi ni, kì í ṣe pé omijé kàn bọ́.

Mo lọ bá Akọ̀wé. Mo ní, "Ẹ̀yin ni alága. Ẹ lọ sọ fún Bàbá kí wọ́n dí ẹnu gọ́tà wọn."

Akọ̀wé wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Kìtán, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Àgbà ń jẹun lọ́wọ́, èmi ọmọdé á wá lọ dúró tì wọ́n, màá ní Bàbá, ó ti tó yín, ẹ dìde nídìí àwo?"

"Àgbàdo tiyín náà ń kú."

"Ó ń kú," ó ní. "Ṣùgbọ́n n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù. Tí Bàbá kò bá sí nítòsí, wọ́n á máa fi imú sọ ọ́ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Tí Bàbá bá yọ, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́ sà, wọ́n á sì gba ẹ̀yìn ọgbà sá lọ. Nígbà tó yá, wọn kì í tilẹ̀ í gba iwájú oko rẹ̀ kọjá mọ́ rárá. Mo pe Bímbọ́lá ní Àkúrẹ́ pé kó wá bá wa bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni omi yẹn. Bí mo bá wá bá yín dí i lónìí, ta ni yóò dí i lọ́la?" Inú bí mi sí i. Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo jí, mo mú ọkọ́, mo dorí kọ òkè. Ìyàwó ilé ni mí. N kò gbọdọ̀ wo ojú Bàbá Akíntóyè kí n sọ̀rọ̀ kòbákùngbé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń lọ, ẹnu mi náà sì ti ń ka gbogbo ohun tí màá sọ lọ́nà: pé ṣé torí wọ́n jẹ́ àgbà ni kí ebi pa èmi opó, pé ṣé bí wọ́n ṣe máa ṣe é fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn nìyí kání ó wà láyé. Mo tò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ pé mo sọ ọ́ ni, Ìjàrẹ́ ì bá ṣì máa sọ ọ́ títí di ìsinsìnyí.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí ilá Bàbá. Ilá náà dúró sínú omi, ewé rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìdí rẹ̀ ti ń rà. Ọ̀pọ̀lọ́ ń fò láàárín rẹ̀. Bàbá fúnra wọn jókòó níwájú ahéré, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti nù ún mọ́, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ dàrú mọ́ mi lórí. Ta ni ẹni tó ń jẹ àjẹkì, tí oúnjẹ náà ń pa á?

Mo kúnlẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ni orúnkún mi bọ́ sí, ẹrẹ̀ náà mu ìró mi, ìyẹn tún dá kún ìbínú mi. Mo fi ohùn mi tí ẹ mọ̀ yẹn sọ pé, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Mo wá gba omi."

"Ẹ̀hẹ́n," wọ́n ní. "Ẹnìkan wá lónìí."

"Ta lẹ ń retí, Bàbá?"

"Gbogbo yín. Láti ìgbà tí ọmọ Àkúrẹ́ yẹn ti lọ, àràárọ̀ ni mò ń jókòó síbí. Mo ní wọn á wá. Wọn á kí mi, wọn á ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé omi kọjá. Mi ò rí ẹnìkan. Ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ń gbà. Láti ìgbà tí mo ti dá oko síbí, kò sí ọmọdé tó ń re oko tí kì í yà lọ́dọ̀ mi. Omi wá dé, ó lé wọn. Ilá mi ń kú lójú mi, ìyàwó wa."

"Ẹ ò ṣe wá ti pákó bọ̀ ọ́ fúnra yín?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Èmi? Kí n jẹun tán, kí n tún gbé àwo, kí n máa pe ọmọdé kiri pé ẹ wá gbà á o, mo ti yó? Ọmọdé ló ń wá gbé igbá níwájú àgbà. Mo ṣẹ́ ẹ kù fún wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣẹ́ ẹ kù. Wọn ò wá gbé igbá."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. N kò lè pa á mọ́ra. Lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, Bàbá sì ń fajú ro, torí wọn kò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ni mo bá sọ fún wọn. Mo sọ pé àwọn ọmọ yín ò fẹ́ dúró ti àgbà lórí oúnjẹ, wọ́n rò pé ẹ ṣì ń jẹun. Mo tilẹ̀ sọ òwe tí wọ́n ń pa lẹ́yìn wọn. Kò yẹ kí n sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti bọ́.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Wọ́n ní èmi Akíntóyè jẹ àjẹìwẹ̀yìn?" Ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an. Ó dùn wọ́n, mo sì rí i pé ó dùn wọ́n, àánú wọn wá ṣe mí ju àánú àgbàdo mi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ilá wọn, wọ́n wo ọ̀pọ̀lọ́, ẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dìde nínú ẹrẹ̀, ìyàwó wa. Gbé e lọ."

Mo ti pákó bọ ẹnu gọ́tà. Omi rú, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo bá a rìn. Nígbà tó kún oko Akọ̀wé, mo dí i. Akọ̀wé ní, "Ìyá Kìtán, Bàbá ńkọ́?" Mo ní Bàbá ti ń retí yín láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ lọ kí wọn. Mo kọjá sí oko tó kàn, mo kọjá sí èyí tó tún kàn, títí mo fi dé ìdí ọparun, tí mo rí omi tó ń wọ abẹ́ àgbàdo mi. Mo bọ́ bàtà, mo dúró sínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò rántí pé ìró mi kún fún ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, a pe ìpàdé níwájú ahéré Bàbá. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn yòókù náà dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n dìde, ìdọ̀bálẹ̀ kò fa omi. Ẹnìkan ní ká máa yí ẹni tí yóò máa dí gọ́tà po bí a ṣe ń ṣe àáró. Ẹlòmíràn ní ká gba ènìyàn síbẹ̀. Bàbá ní rárá. "Ẹni tí omi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn ni kó máa wá gbé e. Òun ni kò ní sùn lọ́nà."

Bí wọ́n ṣe sọ mí di Ìyá Olómi nìyẹn. Láràárọ̀, màá gòkè lọ, màá kúnlẹ̀ (lórí òkúta báyìí o, kì í ṣe nínú ẹrẹ̀), màá kí Bàbá, wọ́n á ní, "Gbé e lọ," màá sì máa bá omi sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní, "Ìyá Kìtán, ẹ fi díẹ̀ sí i fún mi," màá kàn wò ó ni. Ojú mi ni ìwé òfin wọn. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń sọ pé mo le jù, wọn ò mọ̀ pé Ọlọ́run ń tọ́jú líle náà pa mọ́ fún iṣẹ́ kan ni. Kò sí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ọgbà mọ́, orí bẹ́ǹṣì Bàbá kì í ṣófo. Bàbá ti fa ilá tu, wọ́n gbin gbúre sí i, gbúre tí ń fẹ́ omi bí ọ̀mùtí ṣe ń fẹ́ ẹmu. Nígbà tí Bímbọ́lá padà wá wò wá, ó bèèrè ẹni tó kọ́ wa ní ètò yìí, ó ní òun fẹ́ lọ sọ ọ́ fún àwọn abúlé mìíràn. Bàbá bi í bóyá àgbà wà ní àwọn abúlé náà.

Àgbàdo mi gbó nínú Lẹ́ńtì gan-an. Mo se é, mo sun ún, mo fi ṣe ègbo. Tẹ̀tẹ̀ pọ̀ débi tí mo ń fún aládùúgbò. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́ yó, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń retí ọjọ́ náà láti ọdún gbọ́nhan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò wá lọ́dún yìí o. Oúnjẹ wà."

Mo dúró de Halelúyà. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa. Ọlọ́run ṣeun." Wọ́n sì pa fóònù.

Ọjọ́ Ìsinmi kọjá, wọn kò pè mí. Òmíràn tún kọjá. Inú bí mi burúkú. Mo ní, kí lèyí? Ṣé wọ́n fẹ́ kí n máa tọrọ jẹ títí tí màá fi kú ni? Ṣé àyọ̀ mi kò tó àyọ̀ fún wọn? Mo ya àgbàdo kún àpò, mo di ata, mo di ẹ̀fọ́ lé e. Mo fi omi lé Akọ̀wé lọ́wọ́, mo ní kó má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi dé Àkúrẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Títí mo fi dé Oǹdó, mò ń to ọ̀rọ̀ jọ.

Ọ̀sán gangan ni mo wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó nídìí tábìlì, búrẹ́dì àti tíì ló wà níwájú wọn. Mo ní, "Ṣé oúnjẹ ọ̀sán nìyí?" Mo wọ ilé ìdáná, iná kò sí níbẹ̀, òórùn ọbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo kọjá níwájú yàrá tí mo máa ń sùn. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n ká aṣọ ìbora sí ìdí rẹ̀, ibi tí ènìyàn jókòó sí lórí rẹ̀ ti tẹ̀ wọlé.

"Monílọ́lá," wọ́n ní, "jókòó. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan, má bú mi."

Mo jókòó.

"Ọdọọdún tí òjò bá ti pẹ́, inú mi máa ń dùn. Wọ́n á máa gbàdúrà òjò ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà á máa ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, màá ní, Olúwa, ẹ má tíì jẹ́ kó rọ̀. Torí bó bá rọ̀, wàá di ẹrù rẹ padà sí Ìjàrẹ́." Wọ́n ti ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Fún ta ni màá máa se ọbẹ̀? Tí o bá wà níbí nìkan ni mo máa ń se é. Mo mọ̀ pé ebi ló ń gbé ọ wá, mo sì ń yọ̀. Ṣé Ọlọ́run á dárí jì mí?"

Láti gbogbo ọdún yìí wá, mo ń wo àwo yẹn bí àwo àánú, mo ń jẹun, ojú ń tì mí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bù ú fún mi ń fi ìbẹ̀rù ka ọjọ́ tí màá lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ nínú bọ́ọ̀sì, n kò rí ẹyọ kan sọ níbẹ̀. Ẹkún ń gbọ̀n mí, mo sì ń bínú, mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Mo ní, "Ìkòkò ńlá dà?"

"Ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò tíì gbé e sọ̀ láti ìgbà tí o ti lọ lọ́dún tó kọjá."

Mo gun àpótí, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Aláǹtakùn ti ta sínú rẹ̀, eruku sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sídìí omi, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fa àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó àgbàdo.